Adékúnlé Ajásin: Ó kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wá kọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀

Láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ títí dé Yàba nílùú Oǹdó, ọ̀rọ̀ jápa ló gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́. Òbí ń ta ilẹ̀ kí ọmọ lè rìn, bí ọmọ bá sì lọ tán, wọn a tún máa béèrè ìgbà tó ń bọ̀ wálé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ní ẹnì kan tó lọ, tó sì padà: Olóògbé Michael Adékúnlé Ajásin, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ náà ní.

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 1908. Ó jáde ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ní 1927, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe tíṣà. Ó ti gbéyàwó, ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, kó tó gbéra lọ sí Fourah Bay College nílẹ̀ Sàró ní 1943. Ó gboyè B.A. níbẹ̀ ní 1946, ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba dípúlómà ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ibẹ̀ ní 1947.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá. Síbẹ̀, Ọ̀wọ̀ ni Ajásin gbà lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 yẹn kan náà, ó di ọ̀gá àgbà Imade College, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń bínú sí ọmọ tí kò wálé fiyè sí èyí: iṣẹ́ wà nílẹ̀ tó ń dúró de Ajásin. Ìlú ti tẹ́ àga sílẹ̀ fún un kó tó dé.

Ọdún 15 ló lò lórí àga yẹn. Kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló rò. Tíṣà 11 ló rí sí i pé wọ́n kàwé sí i ní University College, Ìbàdàn. Kò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni ọ̀mọ̀wé láàárín wọn. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní ìparí 1962, ó dá Owo High School tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣe ọ̀gá àgbà ibẹ̀ títí di 1975.

Òṣèlú náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group, sílẹ̀ ní 1951, Ajásin ló sì kọ ìwé tí ẹgbẹ́ náà gbé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kà. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́ náà wọ kíláàsì. Ètò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ tíṣà púpọ̀, nílùú Oǹdó sì ni Adeyemi College of Education ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní 1964.

Ní 1979, Ajásin wọ ọ́fíìsì gómìnà ní Àkúrẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Pólì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, yunifásítì ìpínlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1982, torí abẹ́ Oǹdó ni Èkìtì wà nígbà náà.

Àmọ́ wíwálé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan. Ní ìbò 1983, wọ́n kéde Akin Ọmọ́bóríowó, tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé òun ló wọlé. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná. Ilé-ẹjọ́ ló dá ipò padà fún Ajásin. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó búra, sójà gbàjọba. Wọ́n tì í mọ́lé. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ àtìmọ́lé ló wà títí di 1985.

Nígbà tí ìjà June 12 dé, ẹni ọdún 85 ni, òun sì ni olórí NADECO. Anthony Enahoro àti Wọlé Ṣóyínká sá lọ sókè òkun, wọ́n sì ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ọ̀wọ̀ ni Ajásin jókòó sí, àwọn ológun sì tún mú un ní 1995 torí ìpàdé òṣèlú. Ó jáde láyé lọ́jọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1997, kò rí ọjọ́ tí sójà lọ. Yunifásítì tó wà ní Àkùngbá-Àkókó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ẹni tó wà lókè òkun ń fowó ránṣẹ́, owó yẹn ń kọ́lé, ó ń san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n owó kò lè dúró níwájú kíláàsì. Bí Àkúrẹ́ àti Oǹdó bá fẹ́ kí ọmọ wọn tó kàwé padà wá, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá àga wà nílẹ̀ fún un, bí Ọ̀wọ̀ ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ de Ajásin ní 1947.