Fats Waller: Ọ̀gá Píánò Tó Fi Ẹ̀fẹ̀ Jẹun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Bóyá ni olórin jazz kan wà tí òwe yìí bá mu tó Thomas Wright Waller, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Fats. Ó sanra lóòótọ́, orúkọ náà kò parọ́ mọ́ ọn. Á dé àkẹtẹ̀ dúdú róbótó, á máa gbé ìpéǹpéjú sókè sódò, á máa ju ọ̀rọ̀ àwàdà sí àárín orin, àwọn èrò á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sí ọwọ́ rẹ̀ lórí píánò yóò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ìtàn ọkùnrin yìí jẹ́ ìtàn ohun tí ẹ̀rín lè fún olórin, àti ohun tó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ oníwàásù

Ìlú New York ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, ọdún 1904. Edward, bàbá rẹ̀, a máa wàásù. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń tẹ dùùrù tẹ̀lé ìwàásù bàbá rẹ̀. Bàbá fẹ́ kí ó di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ jazz sétí. Ọmọ gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún 15, òun ló ń tẹ dùùrù ní Lincoln Theatre ní Harlem. Láyé ìgbà yẹn, sinimá kò lóhùn. Ọwọ́ atẹdùùrù ni ohùn rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ń sáré nínú àwòrán, dùùrù á sáré. Bí wọ́n bá ń sunkún, dùùrù á sunkún. Ẹni tó bá ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré yóò mọ bí a ṣe ń fi orin pa èrò lẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1920, Adeline ìyá rẹ̀ kú. Ikú náà dùn ún wọra. Ó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tẹ píánò, ibẹ̀ ló sì ti mọ James P. Johnson, ọ̀gá àgbà nínú ọ̀nà ìtẹ-píánò tí wọ́n ń pè ní stride. Ọwọ́ òsì ni ọkàn irú orin yìí. Á tẹ ohùn ìsàlẹ̀ kan, á fò sókè lọ tẹ ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á tún fò padà, kò sì gbọdọ̀ dúró. Ọwọ́ ọ̀tún ní tirẹ̀ á máa dárà lókè. Ẹnì kan ṣoṣo á wá máa dún bí odidi ẹgbẹ́ olórin. Johnson kọ́ Waller dáadáa, ọmọ-iṣẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀gá.

Ọdún 1920 yìí kan náà ló gbé Edith Hatch níyàwó. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò pẹ́ tó fi tú ká. Ilé ẹjọ́ ní kí ó máa san owó ìtọ́jú, owó náà kò sì yọ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Gbèsè yìí lé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó tilẹ̀ gbé e dé ẹ̀wọ̀n.

Orin tó tà lówó pọ́ọ́kú

Ẹni tó ń bá a kọ ọ̀rọ̀ sí orin jù lọ ni Andy Razaf, ọmọ ìdílé ọba Madagascar tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1929, àwọn méjèèjì kọ orin fún eré Hot Chocolates, tó kúrò ní Harlem bọ́ sí Broadway. Inú eré yẹn ni Ain't Misbehavin' ti jáde. Louis Armstrong kọ ọ́ níbẹ̀, orin náà sì gbé orúkọ Armstrong fúnra rẹ̀ ga sí i.

Inú eré kan náà ni Black and Blue wà. Razaf sọ ìtàn rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀: Dutch Schultz, jàǹdùkú tó fi owó sí eré náà, ló ní kí wọ́n kọ orin ẹ̀fẹ̀ kan, kí obìnrin aláwọ̀ dúdú máa ráhùn nípa àwọ̀ rẹ̀ kí àwọn èrò lè fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ orin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí àwàdà, ṣùgbọ́n kó tó parí, ó ti di ẹkún ẹni tí ayé ń fìyà jẹ nítorí àwọ̀ tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ẹ̀rín ni wọ́n rán wọn níṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n gbé wá.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n ta ẹ̀tọ́ wọn lórí orin méjèèjì, pẹ̀lú àwọn orin mìíràn, fún Irving Mills ní 500 dọ́là péré. Ain't Misbehavin' ṣì ń pa owó wọlé títí dòní. Ẹni tí gbèsè bá dúró dè lẹ́nu ọ̀nà kì í ráyè ná ọjà.

Bó ṣe ń fi orin ṣẹ̀fẹ̀

Ní ọdún 1934, ilé-iṣẹ́ àwo orin Victor gbà á, ó sì kó ẹgbẹ́ kékeré kan jọ tó pè ní His Rhythm. Ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n ń gbé fún un kì í ṣe tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní láárí. Kò kọ iṣẹ́, kò sì ṣe é bí ẹni tí orin náà wù. Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú orin bá ti pọ̀ jù, á fa ohùn rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, á ṣe ohùn bí obìnrin, á sì máa dá sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bí aládùúgbò tó yọjú lójú fèrèsé. Ẹni tó ra àwo á gbọ́ orin ìfẹ́. Ẹni tó gbọ́n á gbọ́ bí olórin ṣe ń fi orin náà ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn náà, ẹnu á dákẹ́, píánò á gba ọ̀rọ̀ sọ, kò sì ní sí àwàdà níbẹ̀ mọ́.

Your Feet's Too Big, tó gbé jáde ní 1939, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Ọkùnrin kan ló ń ṣàròyé pé ẹsẹ̀ olólùfẹ́ òun ti tóbi jù. Bí ẹlòmíràn bá kọ ọ́, èébú lásán ni. Lẹ́nu Waller, ó di eré tí ẹni tí wọ́n ń bú gan-an lè bá wọn rín.

Ohun tí ẹ̀rín gbà

Ẹ̀fẹ̀ gbé e dé orí rédíò, ó gbé e dé inú sinimá, ó sì gbé e dé Yúróòpù ní 1938. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lókìkí sí i ni àwọn èrò kò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Dùùrù ló fẹ́ràn jù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi dùùrù ńlá gba orin ẹ̀mí àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, láìṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó gba London Suite sílẹ̀ níbẹ̀, orin píánò mẹ́fà tó fi orúkọ àwọn àdúgbò ìlú náà sọ. Ní oṣù Kìíní 1942, ó ṣeré ní Carnegie Hall; àwọn alárìíwísí kò yìn ín. Ọtí náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ọdún 1943 fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ṣeré nínú fíìmù Stormy Weather, ó sì kọ orin fún Early to Bed, eré Broadway tí àwọn aláwọ̀ funfun kó ipa inú rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Ọjọ́ kò jẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, nígbà tó ń ti Los Angeles bọ̀ wálé, òtútù àyà pa á nínú ọkọ̀ ojú irin ní tòsí Kansas City. Ọmọ ọdún 39 ni. Adam Clayton Powell kékeré ló wàásù níbi ìsìnkú rẹ̀ ní ìjọ Abyssinian Baptist, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n eérú rẹ̀ sórí Harlem.

Ní ọdún 1978, eré kan tí wọ́n fi àwọn orin rẹ̀ ṣe gba ẹ̀bùn Tony fún eré olórin tó dára jù lọ. Bí ẹ bá máa gbọ́ Waller, ẹ gbọ́ àwo kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, ohun tó fẹ́ nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀lé ọwọ́ òsì.