Pier Antonio Micheli, ẹni tí ó rí irúgbìn olú

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1679 ni a bí Pier Antonio Micheli ní ìlú Florence, ní ilẹ̀ Ítálì. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀, kò sì lọ jìnnà ní ilé ẹ̀kọ́. Èdè Látìn ni a fi ń kọ ìwé nípa ewé àti egbò nígbà náà, nítorí náà ó fúnra rẹ̀ kọ́ Látìn. Ní ọdún 1706, Cosimo Kẹta, olórí ilẹ̀ Toscane, fi í ṣe onímọ̀ ewéko rẹ̀.

Olú ni ó gba Micheli lọ́kàn jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé olú kò ní irúgbìn. Wọ́n ní láti inú ohun jíjẹrà ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀. Micheli kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo olú, ó sì rí ohun kan bí eruku lára rẹ̀. Ó wá gé èso bàrà. Ó mú eruku ara olú wẹ́wẹ́ tí ń hù sára oúnjẹ tí ó ti hùkasì, ó fi í sára bàrà náà. Irú olú kan náà gan-an ni ó hù níbẹ̀. Irúgbìn ni eruku náà! Nígbà tí olú hù sára bàrà tí kò fi nǹkan kan sí, ó ní afẹ́fẹ́ ni ó gbé irúgbìn wá.

Ní ọdún 1729 ni ìwé rẹ̀, Nova Plantarum Genera, jáde. Ó ṣàpèjúwe nǹkan bí 1,900 ewéko, ó kó àwọn tí ó jọra pọ̀, ó sì fún ìran kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn olú wẹ́wẹ́ náà ní ẹsẹ̀ tínínrín àti orí roboto tí irúgbìn yí ká. Ó jọ ohun tí àlùfáà Kátólíìkì fi ń wọ́n omi mímọ́ sí ìjọ lára, tí a ń pè ní aspergillum ní èdè Látìn. Micheli bá pe ìran náà ní Aspergillus.

Orúkọ náà ni a ń pè é títí di òní. Ọmọ ìran náà kan, Aspergillus flavus, ń hù sára àgbàdo àti ẹ̀pà tí a kò sá gbẹ dáadáa. Májèlé rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́.

Owó kò tó láti tẹ apá kejì ìwé Micheli. Ní ọdún 1736 ó lọ já ewé lórí òkè Baldo, àìsàn àyà sì kọlù ú. Ó kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1737. Ṣọ́ọ̀ṣì Santa Croce ní Florence ni wọ́n sin ín sí.