Patrick O'Connell: Ó gba ẹgbẹ́ Barcelona là, àmọ́ òkúta kan kò sí lórí sàréè rẹ̀

Ẹ̀yin olùkà wa, abúlé tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí a kò ti ní rí ẹni tó wọ ẹ̀wù Barcelona ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń ta ẹ̀wù náà lọ́jà pàápàá mọ orúkọ ẹgbẹ́ yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1937, díẹ̀ ló kù kí ẹgbẹ́ náà parẹ́. Wọ́n ti pa ààrẹ rẹ̀, ogun ń jà nílẹ̀ wọn, owó sì ti tán lápò. Ọmọ ilẹ̀ Áyálándì kan wà lára àwọn tó fà á yọ nínú ọ̀fìn náà. Patrick O'Connell ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kú ní ìlú London ní 1959, òkúta kan kò sí lórí sàréè rẹ̀ tó lè sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ẹni báyìí ló sùn síbẹ̀. Ìtàn rẹ̀ la mú wá fún yín lónìí.

Ọmọ òṣìṣẹ́ ní Dublin

Ọdún 1887 ni wọ́n bí O'Connell. Ìlú Dublin ló dàgbà sí, ní ìgbà tí gbogbo ilẹ̀ Áyálándì ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ọmọ olówó. Láti kékeré ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun, tí ọwọ́ bá sì dilẹ̀, orí pápá bọ́ọ̀lù lẹ máa bá a. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Belfast Celtic ní apá àríwá ilẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni Sheffield Wednesday ti wá mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1909. Ní 1912, ó bọ́ sí Hull City.

Ọdún 1914 ni orúkọ rẹ̀ dún. Nígbà náà, ilẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tlándì, Wélsì àti Áyálándì, máa ń bá ara wọn díje lọ́dọọdún. Láti 1884 tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀, Áyálándì kò tíì dá borí rí. Lọ́dún náà, ikọ̀ tí O'Connell wà nínú rẹ̀ fi 2-1 na Wélsì, wọ́n fi 3-0 na Gẹ̀ẹ́sì lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, wọ́n sì ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Skọ́tlándì ní Belfast. Ní ọjọ́ Belfast yìí, O'Connell wà lára àwọn tó fara pa. Àyè à ń fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó ṣèṣe kò sí nínú bọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn. Ó fi ìrora gbá a, Áyálándì sì borí gbogbo wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Manchester United fi san pọ́n-ùn 1,000 kí wọ́n tó lè gbà á lọ́wọ́ Hull City. Owó ńlá ni lásìkò náà. Wọ́n fi í ṣe balógun ikọ̀, òun sì ni ọmọ Áyálándì àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú ẹgbẹ́ yẹn.

Pẹnárítì tó fo ojú ilé

A kò ní sọ ibi tó dùn nìkan. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1915, tó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì Rere, Manchester United gbàlejò Liverpool. Ogun Àgbáyé Kìíní ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù máa dúró láìpẹ́, owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù á sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan nínú ikọ̀ méjèèjì bá lẹ̀dí àpò pọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé 2-0 ni United máa fi borí, wọ́n sì ta tẹ́tẹ́ lé e. Ẹni tó bá fi kọ́bọ̀ kan ta á, méje ni yóò jẹ.

United gba bọ́ọ̀lù méjì wọlé. Wọ́n tún gba pẹnárítì, O'Connell tó jẹ́ balógun ló sì bọ́ síwájú láti gbá a. Ẹ̀gbẹ́ ilé ló gbá a sí, bọ́ọ̀lù náà kò tilẹ̀ súnmọ́ òpó. 2-0 ni eré parí sí. Àwọn òǹwòran ti fura kí wọ́n tó kúrò ní pápá.

Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n fòfin de agbábọ́ọ̀lù méje títí ayé, mẹ́ta láti United, mẹ́rin láti Liverpool. Orúkọ O'Connell kò sí nínú wọn. Wọn kò dá a lẹ́bi, àwa náà kò ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n pẹnárítì yẹn kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi kú.

Nígbà tí ogun parí ní 1918, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 30. Ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ fún Dumbarton ní Skọ́tlándì, lẹ́yìn náà ló lọ sí Ashington, ìlú àwọn awakùsà èédú ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù, tó sì tún ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó sọdá sí Sípéènì

Ní 1922, O'Connell gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ẹgbẹ́ Racing tó wà ní Santander, ìlú etí òkun kan ní àríwá Sípéènì. Ó fi ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ ní Manchester. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n kò padà wá bá wọn gbé mọ́. Ní Sípéènì, ó tún fẹ́ ìyàwó mìíràn tó jẹ́ ọmọ Áyálándì bíi tirẹ̀, láìjẹ́ pé ó kọ ti àkọ́kọ́. Lójú òfin àti ẹ̀sìn wọn lọ́hùn-ún, èèwọ̀ ni èyí. Ó fi í pamọ́.

Lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ohun tó fi pamọ́. Ọdún méje ló lò ní Santander. Nígbà tí Sípéènì máa dá líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1929, ẹgbẹ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n máa mú. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ti ní àyè tiwọn, àwọn yòókù sì ní láti du ipò kan tó kù. Racing ti O'Connell ló gbà á. Àwọn ará Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Don Patricio. “Don” yìí, oyè ọ̀wọ̀ ni, bí ìgbà tí a bá pe ènìyàn ní Ọ̀gá.

Ó ṣe ọdún méjì ní Oviedo, lẹ́yìn náà ni ó gba Betis ní ìlú Seville ní 1931. Apá gúúsù Sípéènì ni Seville wà, níbi tí tálákà pọ̀ sí. Títí di ìgbà náà, ẹgbẹ́ kan láti agbègbè wọn kò tíì wọ ìpele àkọ́kọ́ nínú líìgì. O'Connell gbé Betis wọ ibẹ̀ ní 1932. Ní 1935, ó gbé wọn dé òkè pátápátá.

Ọjọ́ ìkẹyìn líìgì 1935 le. Àmì kan ṣoṣo ni Betis fi wà níwájú Madrid, ìlú Santander ni wọ́n sì ti máa gbá eré tó kù, níwájú Racing tí O'Connell fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́. Betis na Racing ní 5-0. Wọ́n ní àmì 34, Madrid ní 33. Títí di òní, líìgì kan ṣoṣo tí Betis gbà rí nìyẹn.

Ogun bẹ́ ní Barcelona

Barcelona ránṣẹ́ pè é lọ́dún yẹn kan náà. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n gba ife agbègbè Catalonia, wọ́n sì dé àṣekágbá ife gbogbo Sípéènì ní oṣù kẹfà ọdún 1936. Madrid fi 2-1 borí wọn. Àwọn Barcelona ń retí sáà tó ń bọ̀, àmọ́ kò wá. Ní oṣù keje, Ọ̀gágun Franco àti àwọn ológun bíi tirẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ìjọba, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, ààrẹ ẹgbẹ́ Barcelona, Josep Sunyol, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Franco lórí òkè Guadarrama nítòsí Madrid. Wọ́n pa á. O'Connell wà ní Áyálándì fún ìsinmi nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bú u bó bá jókòó sílé. Ó padà sí Barcelona.

Líìgì ti dúró. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà létí òkun lápá ibẹ̀ dá ìdíje kékeré kan sílẹ̀ ní 1937, Barcelona sì gbà á. Ṣùgbọ́n ife kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn òǹwòran ti túká, gbèsè ń ga sí i.

Ibẹ̀ ni oníṣòwò ọmọ Catalonia kan tó ń gbé ní Mẹ́síkò ti ránṣẹ́ sí wọn. Ó ní kí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún, òun yóò san dọ́là 15,000, òun náà ni yóò sì san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Agbábọ́ọ̀lù 16 àti O'Connell gba ìlú Faransé kọjá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Mẹ́síkò. Àwọn ará ibẹ̀ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé ìjọba Mẹ́síkò kò sí lẹ́yìn Franco. Láti ibẹ̀ wọ́n kọjá sí New York, wọ́n tún gbá níbẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ̀yin lẹ máa mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Èèyàn kì í ru èrè ọjà padà sínú ilé tó ń jó. Bánkì kan ní Paris ni wọ́n kó owó náà sí, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ogun kò ti lè tó o. Owó yẹn ni wọ́n fi san gbèsè, òun náà ni kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà kú.

Ìṣòro tó kù ni ti àwọn ènìyàn. Ta ló fẹ́ kúrò níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un, kó padà síbi tí bọ́ǹbù ti ń bọ́? O'Connell kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn 16, mẹ́rin péré ló bá a padà. Àwọn kan dúró ní Faransé. Àwọn mìíràn dúró ní Mẹ́síkò, bíi Martí Ventolrà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Sípéènì nínú Ife Àgbáyé 1934. Ó fẹ́yàwó síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì gbá bọ́ọ̀lù fún Mẹ́síkò nínú Ife Àgbáyé 1970.

O'Connell wà lára àwọn tó padà. Ní oṣù kẹta ọdún 1938, bọ́ǹbù ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Ítálì tó ń ran Franco lọ́wọ́ ba ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1939, ọmọ ogun Franco wọ ìlú. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà láàyè.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko

Ó kúrò ní Barcelona ní 1940, ó padà sí Betis, ó sì tún gbé wọn wọ ìpele àkọ́kọ́ ní 1942. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí Sevilla, tí òun àti Betis jọ ń bára wọn ṣọ̀tá nínú ìlú kan náà, wọ́n sì ṣe ipò kejì nínú líìgì 1943. Racing ló lò kẹ́yìn, láti 1947 sí 1949.

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. O'Connell ti oko dé, kò rí ilé kan gúnmọ́. Ìdílé rẹ̀ sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ ní Manchester wá a kàn ní Seville. Ó gba ọmọ náà lálejò, ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò òun ló pè é níwájú àwọn ènìyàn. Nígbà tó yá, ó lọ sí London, ó ń gbé lọ́dọ̀ arákùnrin rẹ̀, ìṣẹ́ sì mú un. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1959, ó kú. Ẹni ọdún 71 ni. Itẹ́ òkú àwọn Kátólíìkì ní Kensal Green ni wọ́n sin ín sí, láìsí òkúta.

Ó lé ní 50 ọdún kí ìdílé rẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó dáwó jọ láti tún sàréè náà ṣe. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọmọ fún un, tí bàbá wọn jìyà àìsí rẹ̀ nílé, wà lára àwọn tó sáré lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbé ohun tó ṣe fún àwọn ẹlòmíràn yẹ̀ wò, wọn kò sì jẹ́ kí ohun tí kò ṣe fún wọn bò ó mọ́lẹ̀. Òkúta wà níbẹ̀ báyìí, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Àwa kò sọ pé kí ẹ fi O'Connell ṣe àwòkọ́ṣe nínú ohun gbogbo. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹjọ́ tí wọ́n lè bá a rò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó là nínú ogun jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n ti san án nígbà tó ṣì lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ẹ bá tún rí ọmọ tó wọ ẹ̀wù Barcelona ládùúgbò yín, ẹ sọ fún un pé ọkùnrin kan wà tó padà sínú ogun, nígbà tí ó lè dúró síbi tí àlàáfíà wà.