Dókítà Adéoyè Lambo: Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Aláìsàn Dá Wà

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lọ́tẹ̀ yìí.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ nípa ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí.

Nígbà tí ó padà sílé, ó di olórí ilé ìwòsàn tuntun ní Aró, l'Abẹ́òkúta. Láyé ìgbà náà, wọ́n sábà máa ń ti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú mọ́lé ni, wọ́n a sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹlòmíràn. Láti ọdún 1954, Lambo gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká gba aláìsàn sílé, wọ́n ń gba owó ilé. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn ní láti bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Oògùn òyìnbó wà níbẹ̀, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, aláìsàn wà láàárín ènìyàn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti ibòmíràn pàdé l'Abẹ́òkúta. Lambo ṣe olórí Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971, ó sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ó kú ní oṣù Kẹta, ọdún 2004.

Kí ni èyí kàn wá? Àwọn òbí wa ti ń darúgbó níhìn-ín. Àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ pé bí àrùn ìgbàgbé bá dé, Gẹ̀ẹ́sì tí màmá ti ń sọ láti ogójì ọdún lè fò lọ, kí ó ku Yorùbá nìkan. Wọn a máa pè é ní orúkọ inú fáìlì tí ẹnikẹ́ni kì í pè é nílé, kò ní dáhùn, wọn a rò pé kò gbọ́.

A mọ̀ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí a ráyè. Ẹ jẹ́ kí ẹbí pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ẹ sọ orúkọ tí màmá ń jẹ́ gan-an fún nọ́ọ̀sì, oúnjẹ tí ó ń jẹ, àti àkókò tí ó ń gbàdúrà. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a sọ Yorùbá, kódà bí kò bá fèsì. Ẹ má sì fi àìsàn ọpọlọ pamọ́ nítorí ìtìjú.

Olúwa yóò wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.