Aréògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin

Dàda Aréògún (a bí i ní nǹkan bí ọdún 1880, ó kú ní ọdún 1954) jẹ́ gbajúgbajà agbẹ́gilére láti ìlú Ọ̀sì, ní apá ilẹ̀ Èkìtì tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ó wà lára àwọn ọlọ́nà Yorùbá tí iṣẹ́ wọn lókìkí jù lọ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jù ni ère eégún Ẹ̀pa, ilẹ̀kùn onígi tí a gbẹ́ àwòrán sí lára, àti ohun èlò Ifá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn agbẹ́gilére ìgbà rẹ̀, kì í kọ orúkọ sí ara iṣẹ́. Iyè àwọn ènìyàn ni ó pa orúkọ rẹ̀ mọ́: ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn ará ìlú tí ó gbẹ́gi fún.

Ìlú rẹ̀

Ọ̀sì tí a ń sọ yìí yàtọ̀ sí Ọ̀sì tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, èyí tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Àràròmí-Òpin. Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, tí olú ìlú tirẹ̀ jẹ́ Ìlọ́fà, kò jìnnà sí i. Ilẹ̀ olókè àti àpáta ni agbègbè náà, ibi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ààlà pín àwọn Èkìtì sí méjì. Apá tí ó tóbi jù bọ́ sí Gúúsù Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Ọ̀sì, Ìlọ́fà, Òdò-Ọwá àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká bọ́ sí abẹ́ Ẹkùn Ìlọrin ní Àríwá. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Ọ̀sì-Ìlọrin ti jáde, òun náà sì ni a máa ń bá pàdé nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà. Ààlà náà kò pín àṣà àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ọdún Ẹ̀pa ń lọ ní ìhà méjèèjì, àwọn agbẹ́gilére sì ń gba iṣẹ́ láti ìlú dé ìlú.

Orúkọ rẹ̀

Dàda ni orúkọ tí àwọn Yorùbá máa ń fún ọmọ tí a bí pẹ̀lú irun tí ó ta kókó. Aréògún ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Nínú ìwé mìíràn, a máa ń rí i bí Arówóògún, èyí sì ti mú kí àwọn kan rò pé ènìyàn méjì ni. Orúkọ kan náà ni méjèèjì. Ohun tí a ń pè ní owó nínú Yorùbá àjùmọ̀lò ni àwọn Èkìtì ń pè ní eó, nítorí náà Aréògún ni ẹni tí ó ń rí owó láti ọ̀dọ̀ Ògún. Ògún ni ó ni irin, irin sì ni àáké àti ọ̀bẹ tí agbẹ́gilére fi ń jẹun. Orúkọ náà bá iṣẹ́ ọkùnrin náà mu.

Bí ó ṣe kọ́ṣẹ́

Bámgbóṣé, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére ní Ọ̀sì, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ tí Aréògún bá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó lọ sí ọ̀dọ̀ Fáṣàn, ọ̀dọ̀ Fáṣàn yìí ni ó sì ti pẹ́ jù. Ní ìgbà náà, ọmọ iṣẹ́ kì í sanwó kọ́ iṣẹ́ ọnà. Agbára rẹ̀ ni ó fi ń san án: yóò bá ọ̀gá roko, yóò pọ́n irin iṣẹ́, yóò sì máa dán igi tí ọ̀gá ti gbẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa fà á lé iṣẹ́ tí ó ṣòro lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ti mọwọ́ tán pàápàá lè wà ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá fún ọdún pípẹ́ kí ó tó dá dúró.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Ọ̀sì àti agbègbè rẹ̀ fi jọra. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya iṣẹ́ Aréògún sọ́tọ̀ ní láti wo ojú tí ó yọ roboto, etí àti ìka tí a gbẹ́ ṣánṣán, àti bí ó ṣe ń fi àwọn ènìyàn kéékèèké, ẹranko àti ọnà tí ó dà bí irun dídì kún ojú igi.

Àwọn iṣẹ́ rẹ̀

Ère Ẹ̀pa

Ère Ẹ̀pa ni iṣẹ́ tí ó ń dán ọwọ́ agbẹ́gilére wò jù lọ ní ilẹ̀ Èkìtì. Igi kan ṣoṣo ni a fi ń gbẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Apá ìsàlẹ̀, tí à ń pè ní ìkòkò, ni eégún ń kì bọ orí, ojú ni a sì máa ń gbẹ́ sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ojú ìkòkò yìí kò jọ ojú ènìyàn gan-an. Orí rẹ̀ ni a ti ń gbé àwọn ère tí ó jọ ènìyàn kalẹ̀: jagunjagun lórí ẹṣin láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ìyá tí ó gbé ọmọ mọ́ra, oníṣègùn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, tàbí ẹkùn tí ó mú ẹran.

Ère bẹ́ẹ̀ lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, ó sì wúwo púpọ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó rù ú kò gbọdọ̀ rìn bí aláàárù. Yóò jó, yóò sì fò sórí òkìtì níwájú gbogbo ìlú. Bí ó bá fò ó láìṣubú, àmì ire ni fún ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá kọsẹ̀, inú ìlú kì í dùn. Nítorí náà, kì í ṣe ẹwà nìkan ni agbẹ́gilére ń rò. Ó ní láti mọ ibi tí ìwúwo igi yóò bọ́ sí, kí ère má baà fa ọrùn ẹni tí ó rù ú sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọdún, a ó gbé ère padà sí àyè rẹ̀. Kí ọdún mìíràn tó dé, a ó tún un kùn ní ọ̀dà.

Ilẹ̀kùn

Àwọn ọba àti ìjòyè ni wọ́n sábà máa ń gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn fún agbẹ́gilére. Aréògún máa ń pín ojú ilẹ̀kùn sí ìpele ìpele láti òkè délẹ̀, ìran kan yóò sì wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Jagunjagun wà níbẹ̀, obìnrin tí ó kúnlẹ̀ wà níbẹ̀, Èṣù náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun àtijọ́ nìkan ni ó gbẹ́. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́, ẹni tí ó ń fa kòkó tábà, àti ènìyàn tí ó gbé ìbọn náà máa ń jáde nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó sì fi ohun tí ojú rẹ̀ rí sí àárín ohun tí ó bá nílẹ̀, láìya ọ̀kan sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ìtàn àwùjọ náà lè ka ilẹ̀kùn wọ̀nyí bí ìwé.

Ohun èlò Ifá àti òrìṣà

Aréògún gbẹ́ ọpọ́n Ifá, agere tí a ń kó ikin sí, àti igbá onígi olómọrí tí babaláwo ń tọ́jú ohun èlò rẹ̀ sí. Lórí ọmọrí irú igbá bẹ́ẹ̀, ó máa ń to àwọn ènìyàn àti ẹranko yí ká tí kò fi ní sí àyè òfìfo. Iṣẹ́ inú yàrá ni èyí, tí ẹni díẹ̀ ń rí, ó yàtọ̀ sí Ẹ̀pa tí gbogbo ìlú ń wò lójú agbo. Síbẹ̀ ọwọ́ tí ó fi ṣe é kò yàtọ̀.

Ìpele mẹ́rin iṣẹ́ ọnà

Ohun tí a mọ̀ nípa ìlànà àwọn agbẹ́gilére Ọ̀sì wá láti ẹnu àwọn ọlọ́nà fúnra wọn, pàápàá Bándélé, ọmọ Aréògún. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ka iṣẹ́ sí, ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní orúkọ tirẹ̀.

Èkíní ni ọnà lílé. Níbí ni a ti ń fi àáké gé ìtì igi sí ìrísí gbogboogbò, tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn bí odindi. Èkejì ni àlétúnlé, nígbà tí a ó tún àwọn odindi wọ̀nyí pín sí kéékèèké: ojú, etí, ọwọ́ àti ìka. Ẹ̀kẹta ni dídán, nígbà tí a ó fi irin mímú àti ọ̀bẹ mú ara igi jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, nígbà tí a ó fín ìlà irun, ilà ojú àti ọnà aṣọ sí i.

Ìpele àkọ́kọ́ ni ọ̀gá kì í fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Igi tí a bá gé ju bí ó ti yẹ kò ṣeé lẹ̀ padà, àṣìṣe tí ó bá sì wọ ọnà lílé ni yóò bá ère náà dé òpin. Dídán ni ọmọ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mẹ́rin wọ̀nyí ti di ohun tí àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá ń lò káàkiri ayé.

Ọmọ rẹ̀ àti iṣẹ́ àkànṣe Ọyẹ́-Èkìtì

Aréògún kò kọ́ ọmọ rẹ̀ Bándélé níṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Òṣàmúkọ, tí òun náà ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Aréògún, ni Bándélé ti kọ́ṣẹ́. Báyìí ni ọwọ́ Aréògún gba ọwọ́ ẹlòmíràn dé ara ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Aréògún ń darúgbó, àwọn tí ó ń gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére ń dín kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti di Mùsùlùmí tàbí Krìstẹ́nì, wọn kò sì béèrè fún ère òrìṣà mọ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni bóyá iṣẹ́ náà yóò bá ìran Aréògún lọ. Àwọn kan rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba: ní àwọn ọdún 1930, Bámigbóyè ti Òdò-Ọwá, ògbóǹtarìgì mìíràn ní agbègbè kan náà, di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Òmù-Àrán.

Ní ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ àlùfáà Ìjọ Kátólíìkì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe kan ní Ọyẹ́-Èkìtì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọlọ́nà Yorùbá ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlànà tiwọn, láìwo iṣẹ́ àwọn ará Yúróòpù kọ. Bándélé ni ó di ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére níbẹ̀. Ó gbẹ́ ìtàn Bíbélì bí baba rẹ̀ ti gbẹ́ jagunjagun, tí àwọn amòye tí ó wá kí Jésù fi wọṣọ bí ọba Yorùbá. Lámídì Fákẹ́yẹ (1928–2009), ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wá síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé fún ọdún 3. Mùsùlùmí ni, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n sì bí i sí, ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́.

Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó fi sílẹ̀

Aréògún kú ní ọdún 1954. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè ṣí ní Èkó, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lónìí. Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ọ̀pọ̀ ère Yorùbá tí ó dé irú ibi bẹ́ẹ̀ ni kò ní orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, nítorí pé àwọn tí ó kó wọn lọ kò béèrè. Carroll àti onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà, William Fagg, wà lára àwọn tí ó béèrè. Ìwé Carroll tí ó jáde ní ọdún 1967 kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn agbẹ́gilére jọ pẹ̀lú fọ́tò tí ó yà. Nínú fọ́tò wọ̀nyí ni a ti rí ère nínú ìlú tí ó ni ín, lórí ẹni tí ó ń jó o, pẹ̀lú ọ̀dà tuntun lára rẹ̀. Ère kan náà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dá dúró láìsí aṣọ màrìwò, láìsí ìlù, láìsí ẹlẹ́sẹ̀ tí ó ń gbé e fò. Fún ẹni tí kò tíì dé ibi ọdún Ẹ̀pa rí, fọ́tò ni ó sún mọ́ ohun tí Aréògún ní lọ́kàn jù.

Ìwádìí lórí àwọn agbẹ́gilére agbègbè náà kò dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2022, ilé ìfihàn iṣẹ́ ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá fún iṣẹ́ Bámigbóyè nìkan. Bándélé gbẹ́gi títí ó fi darúgbó, ó sì kú ní ọdún 1995. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1987.