Landolphe, Ọlọ́kọ̀ Faransé ti Odò Ìbíní

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ọ̀pọ̀ yín ni ó ti gbọ́ nípa àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó yìnbọn sí Èkó ní ọdún 1851. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ogun Faransé ti rìn ní etí òkun wa ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú ìgbà náà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Jean-François Landolphe, ẹni tí ó jẹ́ oníṣòwò, tí ó sì di balógun ojú omi.

A bí i ní ìlú Auxonne, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1747. Ó wá sí Odò Ìbíní léraléra, títí ó fi mọ àwọn ìjòyè Ìbíní àti Warri bí ẹni mowó. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀ pé òwò ẹrú ni òwò rẹ̀: ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń rà, tí ó sì ń kó sọdá òkun. Ní ọdún 1784 ó mú ọmọ aládé Warri kan, Boudakan, lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1786 ó mú un padà wálé, ó sì gba àyè lọ́wọ́ Olú Warri láti kọ́ ilé olódi sí ẹnu odò fún ẹgbẹ́ oníṣòwò Faransé kan. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀. Òun kò kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ ẹni tí ó jókòó dí ẹnu odò. Ní ọdún 1792 wọ́n kọ lu ibẹ̀, wọ́n sì ba gbogbo làálàá ọdún mẹ́fà jẹ́.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, Landolphe wọ iṣẹ́ ogun ojú omi. Ní ọdún 1799 ó ti Rochefort ṣíkọ̀ pẹ̀lú fírígéètì mẹ́ta: Concorde, Médée àti Franchise. Fírígéètì ní òpó ìgbòkun mẹ́ta. Àjà kan ṣoṣo ni ó ń to àwọn àgbá ńlá rẹ̀ sí, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun tí ó jù ú lọ ń to tiwọn sí àjà méjì tàbí mẹ́ta. Eré ni agbára rẹ̀: a lé ọkọ̀ ìṣòwò bá, a sì sá fún alágbára. Àwọn mẹ́ta yìí da òwò etí òkun wa rú, wọ́n sì gba erékùṣù Príncipe lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ìparí ọdún náà.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù August, ọdún 1800, nítòsí Bràsíl, wọ́n rí ọ̀wọ́ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sún mọ́ wọn; ìtóbi wọn bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n sì sá lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Belliqueux, ọkọ̀ alágbàá 64, lé Landolphe bá, ó sì túúbá lẹ́yìn ìjà díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Exeter yọ sí Médée. Ọ̀gá Médée rò pé ọkọ̀ ogun ńlá ni, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ọkọ̀ ìṣòwò lásán ni! Franchise nìkan ni ó bọ́.

Ní ọdún 1823 ni ìwé ìrántí ayé Landolphe jáde. Ó kú ní ọdún 1825. Ẹ̀yin oníṣòwò Ifọ̀, Ìbàfò àti Mówè, ẹ wò ó: ilé olódi wó, ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kù nínú ìwé. Àwọn ọmọ wa tí ó tà ńkọ́? A kò rí orúkọ wọn kà. Èyí ni ó dùn wá jù.