HAROLD GILLIES: ONÍṢẸ́-ABẸ TÍ Ó TÚN OJÚ ỌMỌ OGUN ṢE

Ojú ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ẹni tí ogun bá ba ojú rẹ̀ jẹ́, bí ó tilẹ̀ wà láàyè, a máa di àjèjì láàrin àwọn ará ilé rẹ̀. Títún irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe ni Harold Delf Gillies fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe.

Ìlú Dunedin ní ilẹ̀ New Zealand ni a ti bí i ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 1882. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Cambridge àti ní ilé-ìwòsàn St Bartholomew ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di oníṣẹ́-abẹ etí, imú àti ọ̀fun.

Ní ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀ ni ó ti rí bí a ṣe ń fi awọ ara aláìsàn dí ihò tí ọta ìbọn dá sí i lójú. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Aldershot ní ọdún 1916. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ogun Somme pọ̀ ju ibùsùn lọ. Nítorí náà ni a ṣe ṣí ilé-ìwòsàn Queen's ní Sidcup ní ọdún 1917.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó tọ́jú ni William Spreckley, tí imú rẹ̀ ti run. Gillies gé eegun rírọ̀, irú èyí tí ó wà ní etí, láti ìhà ọkùnrin náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ awọ iwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn tí eegun náà ti mú níbẹ̀, ó yí òun àti awọ wá sísàlẹ̀ láti fi mọ imú. Ní àkọ́kọ́, imú náà wú ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, ó fà, ó sì bá ojú mu.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó yọrí sí rere. Ní ọdún 1918, ó gé awọ ńlá láti àyà Henry Lumley, awakọ̀ òfurufú tí iná jó, láti fi bo gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ náà kú, Lumley pàápàá sì kú. Láti ìgbà náà ni Gillies ti ń tẹnu mọ́ ọn pé díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Iṣẹ́-abẹ tí a ṣe ní Sidcup lé ní 11,000. Gillies gbé ìwé jáde lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 1920, ó gba oyè Sir ní ọdún 1930, ó sì kú ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1960.

Abẹ́rẹ́ àti òwú ni òun fi ń so iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Lónìí, àwọn oníṣẹ́-abẹ mìíràn a máa fi àtè tí a ṣe láti ara ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lẹ eegun rírọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ pọ̀ kí wọ́n tó fi tún imú ṣe. Síbẹ̀, àtè kò lè rọ́pò ẹ̀kọ́ tí ikú Lumley kọ́ Gillies: awọ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé kò lè yè, sùúrù ni a sì fi ń dúró de ẹ̀jẹ̀.